Sienna, Odyssey àbí Sharan: èwo ni ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ gba èèyàn dáadáa títí dé Èkó?

Abọ́dé Tánkẹ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Mọ́tò tòkunbọ̀ tí gbogbo ilé á lè wọ̀ pọ̀ la fẹ́ rà. Àwa méje ni: àgbà mẹ́ta, ọmọ mẹ́rin. Ìyá wa tó ti lé ní ọdún 70 wà nínú àwọn àgbà yẹn, orúnkún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ọmọ tó dàgbà jù jẹ́ ọmọ ọdún 15, ó ti ga tó mítà 1.75. Àbíkẹ́yìn jẹ́ ọmọ ọdún 2. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù la máa ń lọ sí Òmù-Àrán, a sì máa ń lọ sí Èkó tí ọdún bá dé.

Mẹ́ta ni mo ń wò: Sienna 2004 sí 2010, Odyssey 2005 sí 2010, àti Sharan àtijọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì àti gíà sílẹ̀ ná. Ìjókòó ni mo ń bèèrè. Èwo ni èèyàn máa jókòó sí lẹ́yìn pátápátá tí kò ní máa sọ̀ kalẹ̀ bíi pé wọ́n ká a sínú àpótí?

Mẹkáníìkì Gánmọ

Ọ̀gá, ẹ káàbọ̀. Kí n kọ́kọ́ kọ ohun tó wà nínú ìwé àwọn tó ṣe wọ́n. Sienna 2004 sí 2010: àyè ẹsẹ̀ ní ìlà kejì jẹ́ íńṣì 39.6, ti ìlà kẹta jẹ́ 39.5. Odyssey 2005 sí 2010: ìlà kejì 40.0, ìlà kẹta 41.1. Ẹni tó bá ka èyí nìkan á ní kí ẹ lọ gbé Odyssey, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Kò tíì bùṣe. Ìwọ̀n yẹn, láti ìdí ẹni tó jókòó dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Kò sọ iye àyè tó kù láàárín orúnkún àti ẹ̀yìn àga iwájú. Ibi tí wọ́n sún àga ìlà kejì sí nígbà tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n náà ṣe pàtàkì: bí wọ́n bá sún un síwájú, ti ìlà kẹta á pọ̀, ti ìlà kejì á dín. Ilẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń pín.

Ẹ mú tépù dání lọ. Kí ẹni tó máa wakọ̀ gan-an jókòó, kó sún àga rẹ̀ sí ibi tó ti lè tẹ bíréèkì dópin. Ẹ má gbà kí ẹni tó ń ta mọ́tò bá yín sún un síwájú kí ẹ̀yìn lè dà bíi pé ó gbòòrò. Lẹ́yìn náà kí àgbàlagbà kan jókòó sẹ́yìn awakọ̀ ní ìlà kejì, kó sún àga tirẹ̀ títí ìkúùkù kan á fi wọ àárín orúnkún rẹ̀ àti àga iwájú. Ìgbà yẹn ni kí ẹni tó ga jù nínú ilé wọlé sí ìlà kẹta, lẹ́yìn onítọ̀hún. Àyè tó bá kù fún orúnkún tirẹ̀ ni àyè tí mọ́tò yẹn ní. Bí ó bá ku sẹ̀ǹtímítà 5, ó dára fún ọ̀nà jíjìn. Bí orúnkún bá ti kan ẹ̀yìn àga nígbà tí mọ́tò dúró sójú kan, kòtò àkọ́kọ́ ni yóò gbá a.

Ohun kan tún wà tí ìwé kì í kọ: bí tìmùtìmù ṣe ga sí láti ilẹ̀. Àga tí à ń jókòó jẹun nílé máa ń ga tó sẹ̀ǹtímítà 45. Bí ti ìlà kẹta bá jẹ́ 30, orúnkún á yọ sókè, itan ò ní kan tìmùtìmù mọ́, gbogbo ìwúwo ara á wá dúró sórí egungun ìdí. Ohun tó ń mú kí èèyàn máa yí ìdí padà kó tó dé Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn, ó sì lè ṣẹlẹ̀ nínú mọ́tò tí àyè ẹsẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ wọn gíga yẹn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí rọ́ọ̀gì dé iwájú tìmùtìmù.

Ìyá Ìbejì Ìgbájà

Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ. Ṣùgbọ́n kí a tó wọn ohunkóhun, ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tó máa jókòó síbì kan, nítorí ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè yín wà.

Ìyá àgbà ò gbọdọ̀ dé ìlà kẹta rárá. Ìlà kejì ni tiwọn, lápá ọ̀tún, kí wọ́n lè máa sọ̀ kalẹ̀ sí etí títì, kí wọ́n má sọ̀ kalẹ̀ sójú ọ̀nà mọ́tò. Àbíkẹ́yìn nínú síìtì ọmọdé, ìlà kejì lápá òsì. Ó wá ku ọmọ mẹ́ta fún ìlà kẹta, bàbá àti ìyá wà níwájú. Méje pé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe rèé: tí ẹ bá ti de síìtì ọmọdé mọ́ àga ìlà kejì, ẹ ò lè tẹ àga yẹn síwájú mọ́ kí ẹlòmíràn gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé. Ìyá àgbà náà ti jókòó lápá kejì, ẹ ò sì ní máa gbé wọn dìde ní gbogbo ibùdókọ̀. Ọ̀nà wo làwọn ọmọ mẹ́ta yẹn máa gbà dé ẹ̀yìn? Àárín ni. Nítorí náà, onísíìtì méje tí àga ìlà kejì rẹ̀ jẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí àlàfo wà láàárín wọn, ni kí ẹ wá. Tí ẹ bá rí Sienna onísíìtì mẹ́jọ, ẹ yọ àga kékeré àárín yẹn kúrò, ẹ gbé e sílé. Ó tóóró, ọmọdé ló tọ́ sí, àlàfo tó máa fi sílẹ̀ sì wúlò fún yín jù ú lọ.

Nípa ìkọ́ síìtì ọmọdé: òfin Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan láti oṣù kẹsàn-án 2002. Ẹ ti ọwọ́ bọ àlàfo tó wà láàárín tìmùtìmù àti ibi ìfẹ̀yìntì. Ẹ máa fọwọ́ kan irin méjì tí kò nípọn ju pẹ́ńsù lọ. Ìkọ́ kẹta máa ń wà lẹ́yìn àga, fún okùn òkè. Tí ẹ bá ti so síìtì náà tán, ẹ di ìdí rẹ̀ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí bẹ́líìtì gbà kọjá, kí ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Kò gbọdọ̀ rìn ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ.

Ọmọ tó jókòó sáàárín ìlà kẹta náà gbọ́dọ̀ ní bẹ́líìtì. Nínú Sienna, láti òkè àjà ni wọ́n ti ń fà á wá. Ahọ́n rẹ̀ jẹ́ méjì: kékeré ni ẹ máa kọ́kọ́ kì bọ ilé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí, kí ẹ tó fa ńlá kọjá àyà. Ẹ béèrè fún un kí ẹ tó sanwó, ó sábà máa ń sọnù nínú mọ́tò tó ti kérò rí.

Ẹ́síì Tútù, Gèrí Àlímí

Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ ooru. Ní oṣù kẹta ní Ìlọrin níbí, ìlà kẹta tí afẹ́fẹ́ tútù ò dé, kò bá à gbòòrò bíi pápá, àwọn ọmọ ò ní lè jókòó síbẹ̀.

Sienna àti Odyssey ní ẹ́síì ẹ̀yìn tó dá dúró. Nínú Sienna, kọ́ìlì tútù kejì àti fáànù tirẹ̀ wà lẹ́yìn ike ògiri búùtù, páìpù alumíníọ́mù méjì sì ń gba abẹ́ mọ́tò gbé gáàsì lọ síbẹ̀. Páìpù yẹn ni kí ẹ fojú sí. Níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì ní Amẹ́ríkà nígbà òtútù, iyọ̀ náà á máa jẹ ẹ́ títí á fi lu. Àwọn kan kì í pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n á gé e, wọ́n á dí ẹnu rẹ̀, iwájú á máa tutù, wọ́n á ní ẹ́síì ń ṣiṣẹ́.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé gbogbo wíńdò sókè, ẹ fi òtútù sí ìparí, ẹ tan fáànù iwájú àti ti ẹ̀yìn dé òkè. Ẹ dúró ìṣẹ́jú 10. Kí ẹnì kan jókòó ní ìlà kẹta, kó gbé ọwọ́ sí ihò afẹ́fẹ́ tó wà lókè orí. Tí ẹ bá ní tẹmómítà kékeré, tó bá wà láàárín 7 sí 12 lórí ìwọ̀n Celsius, ó tẹ́ni lọ́rùn. Bí fáànù ẹ̀yìn ò bá fẹ́ rárá, fíúsì, rílè tàbí mọ́tò fáànù ni, ìyẹn ò le. Bí ó bá ń fẹ́ ṣùgbọ́n ooru ló ń fẹ́, tí iwájú sì tutù, páìpù ti dí tàbí fáàfù ẹ̀yìn ti há. Ẹ wọ abẹ́ mọ́tò pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ẹ tọ páìpù yẹn láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tí eruku bá ti lẹ̀ mọ́ òróró níbi oríkèé, ibẹ̀ ló ń jò.

Iye gáàsì tó ń gbà wà lára lébẹ̀ẹ̀lì tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Iye yẹn, iwájú pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ni. Ẹni tó bá ti dí ẹ̀yìn tó tún rọ gáàsì sí i tó bí ìwé ṣe wí, ó ti rọ̀ ọ́ jù: agbára inú rẹ̀ á ga, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á máa já, iwájú pàápàá ò ní tutù mọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Alága Fóòmù Táíwò

Ẹ jẹ́ kí n fèsì sí ọ̀rọ̀ tìmùtìmù tó relẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wa nìyẹn.

Fóòmù ọdún 15 ti kú kó tó gúnlẹ̀ sí èbúté. Ẹ fi ìkúùkù tẹ àárín tìmùtìmù, kí ẹ sì fi ara tì í. Tí ọwọ́ yín bá kan irin tàbí wáyà, ó ti tán. Tí ẹ bá gbọ́wọ́ kúrò, tí ojú ibẹ̀ ṣì jìn bí àwo, ó ti ń tán lọ. Ẹ yẹ etí àga awakọ̀ wò lápá ilẹ̀kùn: ibẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń wó, torí pé gbogbo ìgbà tí èèyàn bá ń wọlé ni ìdí rẹ̀ ń fẹ́ ibẹ̀.

A lè gbé ìlà kẹta sókè. Fóòmù líle tó nípọn sẹ̀ǹtímítà 4 tàbí 5 la máa fi sí ìsàlẹ̀ ti tẹ́lẹ̀, kì í ṣe sórí rẹ̀, kí rírọ̀ òkè má bàa sọnù. Apá iwájú la máa jẹ́ kó ga díẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ, kó lè gbé itan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sẹ̀ǹtímítà 10 sí i. Orí ọmọ yín tó ga yẹn á kan àjà, àga náà ò sì ní lè ká wọ ihò rẹ̀ mọ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ kẹ́rù.

Iwájú ńkọ́? Ẹ má ṣàdédé tú u. Lábẹ́ tìmùtìmù èrò iwájú nínú púpọ̀ mọ́tò Amẹ́ríkà àsìkò yẹn, ẹ̀rọ kan wà tó ń wọn ìwúwo ẹni tó jókòó, kó lè mọ̀ bóyá kí báàgì afẹ́fẹ́ yọ tàbí kó má yọ. Tí a bá yí fóòmù ibẹ̀ padà, ẹ̀rọ náà á ṣi ìwọ̀n wọ̀n, iná pupa báàgì afẹ́fẹ́ á sì máa tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Tí ẹ bá rí àkọlé AIRBAG lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìfẹ̀yìntì, aṣọ síìtì tó máa bo ojú rírán tí báàgì yẹn ń gbà yọ pa kò yẹ níbẹ̀.

Ọmọ Ìgbómìnà

Ẹ̀gbọ́n Gánmọ, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ti Odyssey dànù báyìí. Kí la máa sọ nípa ẹ̀yìn rẹ̀? Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Odyssey, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni táyà kọ̀ọ̀kan ń gbọ̀n. Ti Sienna, igi kan ló so méjèèjì pọ̀: táyà òsì wọ kòtò, ọ̀tún náà gbọ̀n. Ìlà kẹta ló sì súnmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn jù. Lójú ọ̀nà tó ti hó, Odyssey rọ ọmọ tó jókòó lẹ́yìn lọ́rùn ju Sienna lọ. Ẹni tó ń bèèrè ìtura gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí.

Mẹkáníìkì Gánmọ

Mo gbà pẹ̀lú yín, mi ò jiyàn. Bí àwọn méjèèjì bá wà ní pípé, Odyssey ló rọra ju. Ṣùgbọ́n "bí wọ́n bá wà ní pípé" yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Odyssey ní apá àti búṣì púpọ̀. Tí mélòó kan nínú wọn bá ti jẹ, ó ti ń dún, ó ti ń jẹ táyà. Sienna ò ní tó bẹ́ẹ̀: búṣì ńlá méjì níbi orí igi, sípíríǹgì méjì, ṣọ́ọ̀kù méjì. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe pọ̀ láti Ìlọrin títí dé Ọ̀fà àti Òmù-Àrán. Odyssey tó ti jẹ búṣì kò rọrùn ju Sienna tí ṣọ́ọ̀kù rẹ̀ tuntun lọ.

Ẹ kíyè sí Odyssey tí wọ́n ń pè ní Touring, pàápàá 2005 sí 2007. Táyà PAX ni wọ́n fi jáde: rọ́ọ̀mù rẹ̀ yàtọ̀, táyà lásán ò wọ̀ ọ́. Tí ẹ bá bá a lẹ́sẹ̀ mọ́tò, ẹ ṣírò owó rọ́ọ̀mù mẹ́rin àti táyà mẹ́rin mọ́ ọn.

Ìkìlọ̀ kan lórí Sienna. Tí ẹ̀yìn bá ti wálẹ̀, àwọn kan máa ń ki rọ́bà sáàárín sípíríǹgì kó lè ga. Ó máa ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n sípíríǹgì ò ní ráyè ṣiṣẹ́ mọ́, gbogbo òkúta ojú títì á sì máa kan ẹ̀yìn àwọn ọmọ. Ẹ wo àárín sípíríǹgì ẹ̀yìn, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi sípíríǹgì tó dára síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ táyà Sienna jẹ́ 35, nígbà tí táyà tutù. Fọkanáísà tó bá gbé e dé 45 torí ẹrù, líle ló fi kún ìjókòó yín.

Abọ́dé Tánkẹ́

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ètò ìjókòó Ìyá Ìbejì ti tú wàhálà mi palẹ̀. Ìbéèrè méjì ló kù: Sharan ńkọ́? Àti ẹrù: iṣu àti gàrí máa ń bá wa bọ̀ láti Òmù-Àrán.

Ọmọ Ìgbómìnà

Sharan àtijọ́ ní ohun kan tó dára gan-an: àga márùn-ún tó wà lẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló dá dúró, wọ́n sì fẹ̀ bákan náà. Àgbà mẹ́ta lè jókòó ní ìlà kejì láìfún ara wọn pa, Sienna ò lè fi èyí yangàn. Àmọ́ àárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn jẹ́ mítà 2.84. Ti Sienna jẹ́ 3.03, ti Odyssey 3.00. Ọmọ tó ga tó 1.75 máa mọ ìyàtọ̀ yẹn lórúnkún. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí síta bíi ti mọ́tò kékeré, kì í yọ̀ sẹ́yìn, ẹ nílò àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìyá àgbà tó lè jáde. Àga mẹ́ta tún ti dí ìlà kejì. Tí ẹ ò bá yọ ti àárín, kò sí ọ̀nà fáwọn ọmọ.

Ẹrù ló wá lé e kúrò pátápátá. Tí ìlà kẹta bá dúró, búùtù Sharan ò gbà ju báàgì ọwọ́ lọ. Sienna àti Odyssey ní kòtò jíjìn lẹ́yìn ìlà kẹta, ihò tí àga máa ń ká sínú rẹ̀. Tí àga bá dúró, ihò yẹn ṣófo, ibẹ̀ ni àpò gàrí ń wọ̀. Ohun tó wúwo sí ìsàlẹ̀, ohun fífúyẹ́ sókè, ẹrù kankan ò sì gbọdọ̀ ga ju ẹ̀yìn àga lọ, torí bíréèkì òjijì kan ló máa dà á lé orí àwọn ọmọ.

Ẹ ka ìwé pélébé tó wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Ó kọ àpapọ̀ ìwúwo èèyàn àti ẹrù tí mọ́tò lè gbé. Ká ní ó kọ kìlógíráàmù 530. Àgbà mẹ́ta ní 70 jẹ́ 210, àwọn ọmọ mẹ́rin ká ní 150, ó di 360. Ó ku 170: àpò 50 mẹ́ta, ó tán. Ẹni tó bá tún dá iṣu lé òrùlé, igi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń dá a lé.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù: àwọn tó ń fi okùn de búùtù ní ṣíṣí sílẹ̀ torí ẹrù. Tí mọ́tò bá ń sáré, èéfín sàlẹ́ńsà máa ń yí padà wọ inú búùtù tó ṣí. Gáàsì tó wà nínú rẹ̀ ò ní òórùn, ó sì lè pani. Ọmọ tó wà ní ìlà kẹta ló máa kọ́kọ́ fà á sínú. Ẹ bá rí i tí ọmọ ń sùn fọnfọn, tí orí ń fọ́ àwọn tó kù. Tí búùtù ò bá tì, ẹ gbé ẹrù kan sílẹ̀.

Abọ́dé Tánkẹ́

Ó yé mi yékéyéké. Sienna ló ń mókè báyìí. Ẹnì kan tún fi èyí tó jáde ní 2011 lọ̀ mí. Ṣé ó dára jù?

Mẹkáníìkì Gánmọ

Lórí ìwé, ó kéré: íńṣì 37.6 ní ìlà kejì, 36.3 ní ìlà kẹta. Nínú mọ́tò gan-an, onísíìtì méje rẹ̀ ní àga ìlà kejì tó ń yọ̀ lórí irin gígùn, ó lè rìn tó íńṣì 23 síwá sẹ́yìn. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà. Bí owó bá tó o, ó dáa. Ẹ kàn rí i pé irin yẹn ò tíì kún fún iyanrìn àti ẹ̀pà: ẹ sún àga náà dópin lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbọdọ̀ há níbì kankan.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú nínú Sienna, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá AWD (èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin) wà lára rẹ̀. Èyí kì í ní táyà àpòjù rárá, nítorí táyà tó lè sáré láìní afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi jáde. Èyí tí kì í ṣe AWD, abẹ́ mọ́tò ni táyà àpòjù wà, wáyà ló gbé e kọ́. Ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ níṣojú yín, kí wọ́n tún fà á gòkè. Ìpẹtà máa ń di wáyà yẹn mú, ẹ ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n lálẹ́ lẹ́yìn Àjàṣẹ́-Ìpo.

Ìyá Ìbejì Ìgbájà

Ẹ kú ọ̀rọ̀, Bàbá Gánmọ. Kí n fi ti ìyá àgbà kún un, kó má bàa dà bíi pé mọ́tò nìkan la rà. Ẹni tí orúnkún ń dùn kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ kan sókè wọlé kí ìkejì ṣì wà nílẹ̀. Ẹ sún àga wọn sẹ́yìn dópin kí wọ́n tó dé. Kí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mọ́tò, kí ìdí kọ́kọ́ jókòó sí etí àga, kí wọ́n wá yí ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rá kan tí ẹ tẹ́ sórí tìmùtìmù máa jẹ́ kí yíyí yẹn rọrùn, ẹ yọ ọ́ kúrò tí wọ́n bá ti jókòó tán. Tí ilẹ̀ mọ́tò bá ga fún wọn, ẹ kan àpótí pákó tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 15, tó fẹ̀ tó kí ẹsẹ̀ méjèèjì lè dúró lórí rẹ̀, kí ẹ fi táyà àlòkù bo ìsàlẹ̀ àti òkè rẹ̀ kó má yọ̀. Ẹ so okùn mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ọmọ tó ga yẹn lè fà á wọlé láìsọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn tí ìyá bá ti wọlé tán.